Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ibi ìkẹ́kọ̀ọ́

Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ìlànà tí àwọn olùkọ́ fi ń sọ ilẹ̀ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ ká, pàápàá ní ìgbèríko, di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, èdè àti iṣẹ́ ọ̀gbìn níta gbangba. Nínú èdè Yorùbá, "ọgbà" dúró fún ibi tí a fi ògiri tàbí igi yí ká, ó sì tún dúró fún ibi tí a gbin nǹkan sí. Ìtumọ̀ méjèèjì ni ó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ìtàn

Friedrich Fröbel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní ìlú Blankenburg ní ọdún 1837. Ní 1840 ó sọ ọ́ ní Kindergarten, èyí tó túmọ̀ sí "ọgbà àwọn ọmọdé". Ní ìgbèríko Bengal ní Íńdíà, Rabindranath Tagore bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Santiniketan ní 1901 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Abẹ́ igi ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, àṣà náà kò sì tíì parẹ́ níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà mìíràn ni oko ilé-ẹ̀kọ́ gbà wọlé. Ìròyìn ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes ti 1922 dámọ̀ràn pé kí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà bá iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìgbé-ayé abúlé mu. Ọ̀pọ̀ òbí kò fi ojú rere wò ó: iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n rán ọmọ lọ wá, ọkọ́ ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Ó tún burú sí i níbi tí wọ́n ti sọ oko di ìjìyà, tí ó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé nìkan ni ó ń ro ó. Nínú ọgbà ìkẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè ni ó ń mú ọmọ jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni a tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Ẹ̀kọ́ inú ọgbà

Ohun èlò tó kéré jùlọ ni ọ̀pá kan. Bí a bá ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ ní ìnàró, tí àwọn ọmọ ń wọn òjìji rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, wọn yóò rí i pé ó ń kúrú títí oòrùn yóò fi ga jùlọ, lẹ́yìn náà ó tún ń gùn. Ní agbègbè Ifẹ̀, oòrùn máa ń wà ní ọ̀gangan àtàrí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán, ọ̀pá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òjìji rárá. Ọ̀pá kan náà lè sọ gíga igi tí ẹnikẹ́ni kò gùn: bí òjìji ọ̀pá oní-mítà 1 bá jẹ́ mítà 0.5, igi tí òjìji rẹ̀ jẹ́ mítà 4 ní àkókò kan náà ga ní mítà 8.

Ebè wúlò fún ònkà Yorùbá. Igba-igba ni àwọn àgbẹ̀ ń ka ebè iṣu. Ọmọ tó bá ka ebè 45 yóò fojú ara rẹ̀ rí ìdí tí a fi ń pè é ní márùndínláàádọ́ta, nítorí márùn-ún ni ó kù kí ó pé àádọ́ta.

Ìṣètò

Igi ni a kọ́kọ́ ń rò. Máńgòrò, dóńgóyárò àti furúùtù ń ṣíji bo àwọn ọmọ, wọ́n sì ń dín agbára atẹ́gùn tó ń ṣí páànù ilé-ẹ̀kọ́ kù, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ gé ẹ̀ka tó ti gbẹ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Koríko gbọ́dọ̀ kúrú nítorí ejò.

Àkókò ìsinmi ni ìṣòro ńlá. Àgbàdo tí a gbìn ní oṣù kẹrin lè gbó kí sáà kẹta tó parí ní oṣù keje; ẹ̀gẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ ni yóò sì jẹ ewé rẹ̀ bí kò bá sí ọgbà tó yí i ká. Ọ̀rọ̀ ìkórè náà lè dá ìjà sílẹ̀. Kí a tó gbìn rárá ni ó yẹ kí olùkọ́ àti òbí ti fẹnu kò lórí èyí tí àwọn ọmọ yóò jẹ, èyí tí a ó tà, àti ẹni tí owó yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.