Ṣé Alágbe Ni Ọmọ Tí Ń Ta Gòjé Òyìnbó?

Bí ọmọ wa bá gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ṣú, a ó ní ọmọdé ni, ẹ jẹ́ kí ó ṣeré. Ṣùgbọ́n kí ọmọ kan náà gbé gòjé òyìnbó, èyí tí wọ́n ń pè ní fáyólìnì, kí ó máa ta á fún wákàtí kan lójúmọ́, kíá ni a ó bi í pé, "Ṣé alágbe ni o fẹ́ dà?" Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi nílùú Ìbàdàn níbí, ó ku ọdún kan kí ó ṣe ìdánwò WAEC. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni ó ti kọ́ fáyólìnì, ìfẹ́ rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ dé egungun. Nígbà tí máàkì ìṣirò rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní táàmù kan, bàbá rẹ̀, tí ń ta aṣọ lọ́jà, gba fáyólìnì náà, ó tì í mọ́ inú àpótí, ó ní ó di ẹ̀yìn ìdánwò. Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ọmọ náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́, oúnjẹ kò wù ú, máàkì ìṣirò rẹ̀ kò sì gbéra sókè.

Mo tọ bàbá náà lọ ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ mọ iye tí mo ń san? Èmi kò fi ọmọ sí ilé-ìwé kí wọ́n lè máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí lójú agbo." N kò bá a jiyàn púpọ̀, ẹni tí ń sanwó ni ó mọ ibi tí ó ti ń dùn ún.

Mo kàn rán an létí pé gòjé kì í ṣe àjèjì sí wa. Ta ni kò mọ orin sákárà, èyí tí olóògbé Yusuf Ọlátúnjí, tí ó kú ní 1978, fi lókìkí? Gòjé wà nínú rẹ̀. Okùn kan ṣoṣo ni gòjé tiwa ní. Mẹ́rin ni ti fáyólìnì, irun ìrù ẹṣin ni wọ́n sì fi ń ha àwọn méjèèjì. Fáyólìnì kò ní àmì lọ́rùn bíi gìtá, tí yóò sọ ibi tí ìka yóò tẹ̀. Etí ni yóò wá a, ọwọ́ yóò sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí yóò fi dán. Ọmọ tí ó lè fara da èyí ní sùúrù tí ó lè fi kọ́ ìṣirò, bí a bá fọgbọ́n darí rẹ̀.

Mo sọ ti olóògbé Fẹlá Ṣówándé fún un pẹ̀lú. Ní 1905 ni wọ́n bí i, ó sì kàwé ní King's College, Èkó. Iṣẹ́ ẹnjinníà ni ó bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n orin ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1944 ó kọ African Suite fún àwọn tí ń ta ohun èlò olókùn, ó sì fi orin ilẹ̀ Áfíríkà sínú rẹ̀. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó kú sí ní 1987.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ta fáyólìnì ni yóò jẹun nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. WAEC ń ṣe ìdánwò nínú ẹ̀kọ́ orin. Ẹ̀ka orin wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON sì ti wà ní Èkó láti 1989.

Nígbà tí bàbá ṣí àpótí, ọyẹ́ ti ṣe tirẹ̀: ibi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáyólìnì náà ti là, okùn kan sì ti já. Ó wò ó títí, ó ní, "Èló ni àtúnṣe rẹ̀?" Òun fúnra rẹ̀ ni ó sanwó. A wá ṣe àdéhùn: iṣẹ́ ilé-ìwé ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà fáyólìnì fún wákàtí kan. Bí máàkì bá lọ sílẹ̀, a ó dín àkókò kù, a kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní táàmù tí ó tẹ̀lé e, ìṣirò rẹ̀ gòkè díẹ̀. Kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ lànà àkókò fún ọmọ yín, kí ẹ sì dúró lé e. Ẹ má fi ohun èlò rẹ̀ sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn, ẹ má sì gbé e sójú ọyẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jókòó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń ké bí ológbò ní ìbẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn àgbà sì ti wí pé ohun tí ó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú.