Ọmọ dákú ní àsẹ́ńbílì: Ohun tó ń fa òòyì àti dídákú láàárín àwọn ọ̀dọ́, àti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí olùkọ́ ilé ìwé girama tí kò tíì rí i rí. Àwọn ọmọ tò sórí ìlà ní àsẹ́ńbílì, oòrùn ń ta, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé ìwé kò tíì parí, àfi gbì! Ọmọ kan ti ṣubú lulẹ̀. Ariwo á ta. Ẹnì kan á ní kí wọ́n bu omi wá, ẹlòmíì á máa wá ṣíbí, àwọn kan á sì ti máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá ọmọ náà lóyún, tàbí pé ọwọ́ ayé ló wà nídìí ẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyíkéyìí nínú wọn níbẹ̀. Àmọ́ ìgbà mìíì wà tí dídákú jẹ́ ìkìlọ̀ pé ọkàn ọmọ náà níṣòro, tí ọ̀rọ̀ kò sì gbọdọ̀ di ọ̀la. Ó yẹ kí òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ fúnra ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà téèyàn bá dákú?

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn àti ṣúgà lọ fún ọpọlọ. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń débẹ̀ bá dín kù díẹ̀, òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èèyàn. Bó bá dín kù jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, onítọ̀hún á dákú.

Téèyàn bá dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa rọ̀ sílẹ̀ sí ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń rìn ni, iṣan ẹsẹ̀ á máa ti ẹ̀jẹ̀ náà padà sókè, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró gbagidi kò ní ìrànlọ́wọ́ yẹn. Tí oòrùn bá tún wá ń pa á, tí kò sì tíì mu omi, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Bó bá sì ti ṣubú tó nà gbalaja, ẹ̀jẹ̀ á tún rọ́nà dé ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń lajú kí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì tó pé.

Ìbẹ̀rù, ìrora, abẹ́rẹ́ tàbí kéèyàn rí ẹ̀jẹ̀ náà lè fa irú ẹ̀.

Kí ló dé tó fi wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́?

Ara ọ̀dọ́ ń yára dàgbà, ó sì máa ń gba àkókò kí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tó bá gíga tuntun náà mu. Àwọn ọmọbìnrin ló sì máa ń dákú jù. Yàtọ̀ sí èyí:

- Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹlòmíì ò ní mu omi títí di ìgbà ìsinmi ọ̀sán, torí pé kò fẹ́ lo ilé ìyàgbẹ́ ilé ìwé.
- Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ máa ń pọ̀ lè má ní ẹ̀jẹ̀ tó lára. Ìtìjú kì í jẹ́ kí àwọn kan sọ fún ìyá wọn.
- Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì máa ń fa omi kúrò lára. Ibà tún lè dín ẹ̀jẹ̀ kù, pàápàá fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ SS.
- Bí ọmọ bá sáré dìde lórí ibùsùn, òòyì lè kọ́ ọ.

Oyún náà lè fa òòyì, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ló jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ nǹkan. Dókítà ló lè yẹ̀ ẹ́ wò ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n á máa sọ níwájú gbogbo kíláàsì.

Kí ló yẹ kí ọmọ ṣe tó bá ti ń bọ̀?

Dídákú irú èyí kì í sábà dé láìránṣẹ́. Ojú á máa ṣú, etí á máa hó, òógùn tútù á bo ara, èébì á máa gbé e. Kí ọmọ má ṣe rò pé ìtìjú ni láti jókòó lórí ìlà. Kó tètè jókòó tàbí kó dùbúlẹ̀. Bí kò bá sí àyè, kó gbé ẹsẹ̀ kọjú ara, kó fún itan méjèèjì pọ̀ dáadáa, kó sì di ìkúùkù. Èyí máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ẹni tó bá wà nítòsí ńkọ́?

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ tú táì àti bẹ́líìtì ẹ̀, kí èrò sún sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè. Bó bá lajú, ẹ má ṣe jẹ́ kó dìde kíákíá. Ìgbà tí ojú ẹ̀ bá ti wálẹ̀ dáadáa ni kẹ́ ẹ tó fún un ní omi.

Ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu ẹ̀, ẹ má da omi sí i lẹ́nu nígbà tí kò tíì lajú, ẹ má fi ata tàbí àlùbọ́sà sí i lójú. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe léwu gidi gan-an: ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, kó sì ba ọpọlọ jẹ́.

Tí kò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ìyẹn kì í ṣe dídákú lásán. Ẹ pe 112, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà ẹ̀ mọ́lẹ̀, kó lágbára, kó sì yá, bí ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànwọ́ á fi dé.

Èwo ni kò gbọdọ̀ di ọ̀la?

Ọmọ tó bá dákú níbi tó ti ń sáré tàbí tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ náà, kódà bó bá ti dìde tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò lè gbàgbé Samuel Okwaraji, tó ṣubú lórí pápá ní Surulere, l'Ékòó, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 25 ni, ọkàn ẹ̀ ló sì níṣòro.

Àwọn àmì ewu mìíì ni kí àyà máa dun ọmọ tàbí kó máa lù kìkì kó tó ṣubú, kó ṣubú láìsí àmì kankan, tàbí kí ẹnì kan nínú ẹbí ti kú lójijì nígbà tó ṣì kéré. Ẹ sọ èyí fún dókítà, kódà bí ẹbí bá ti ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Ṣé wárápá kọ́ nìyẹn?

Ẹni tó dákú lásán náà lè gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Ti wárápá sábà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, onítọ̀hún lè gé ahọ́n jẹ ní ẹ̀gbẹ́, tó bá sì lajú, ojú ẹ̀ kì í tètè wálẹ̀. Ilé ìwòsàn lèyí náà wà fún. Bí ẹnì kan bá lè fi fóònù ká a sílẹ̀, kó fi han dókítà nìkan, kì í ṣe orí WhatsApp.

Nílé ìwòsàn, wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wò, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ ECG wo bí ọkàn ṣe ń lù. ECG kì í dunni rárá.

Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, oúnjẹ àárọ̀, omi tó tó àti kí àsẹ́ńbílì má pẹ́ jù nínú oòrùn ti tó láti dín in kù. Àmọ́ èyí tó bá ṣẹlẹ̀ lórí eré sísá, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà nìkan. Ẹ gbàdúrà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.