Ẹja Ọ̀ṣun àti Wúrà Ìjẹ̀ṣà

Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀rọ̀ odò Ọ̀ṣun ni a fẹ́ fi òwe yìí gbé kalẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ń ba odò náà jẹ́ ní Òṣogbo, láti òkè odò ni ó ti ń ṣàn bọ̀. A bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹ fi sùúrù gbọ́ tiwa.

Ẹja wà nínú oyè ọba Òṣogbo gan-an. Ìtàn ìlú náà sọ fún wa pé ará Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láròóyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Àìrí omi ni ó lé wọn kúrò níbẹ̀, tí ọdẹ Olútìmẹ́yìn fi rin igbó títí ó fi kan odò Ọ̀ṣun. Nígbà tí Láròóyè bọ odò náà, ẹja kan fò jáde, ó sì bọ́ sí ọwọ́ méjèèjì tí ó tẹ́. Láti inú “A-tẹ́wọ́-gba-ẹja” ni a ti rí Àtáọ́ja. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ń wá omi ni ó tẹ Òṣogbo dó. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kì í ṣe ìjà láàárín ìlú méjì. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá ni.

Láti ìgbà náà wá ni ó ti jẹ́ èèwọ̀ láti pẹja, láti dọdẹ tàbí láti gé igi nínú igbó Ọ̀ṣun. Èèwọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní ọdún 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Susanne Wenger, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, fi ọ̀pọ̀ ọdún dáàbò bo ibẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2009. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ igbó náà, tí ó jẹ́ hẹ́kítà 75, mọ́ àwọn ibi tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ọgbà kì í dá omi dúró. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní wúrà, láti ayé òyìnbó amúnisìn ni a sì ti ń wà á. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ àwọn odò kéékèèké. Ẹni tí ó bá ń wá a yóò gbẹ́ etí odò, yóò da yẹ̀pẹ̀ sínú omi, yóò sì máa fọ̀ ọ́ títí eérún wúrà yóò fi kù nídìí igbá. Ẹrẹ̀ tí ó bá ṣẹ́ kù, omi a gbé e lọ. Àwọn mìíràn tún máa ń lo mákíúrì, irin olómi funfun tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ wúrà, kí wọ́n lè kó eérún náà jọ. Iná ni wọ́n fi ń lé e kúrò lára wúrà. Èéfín rẹ̀ a wọ afẹ́fẹ́, ìyókù a wọ odò.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò pamọ́. Ọ̀ṣun pupa bí omi àgbàrá, kódà nígbà tí òjò kò rọ̀. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ aráàlú kan ní Òṣogbo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Urban Alert gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé mákíúrì àti òjé inú rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má mu ún. Odò tí àwọn obìnrin ń bu omi rẹ̀ mu láti fi tọrọ ọmọ ni ìjọba ní kí a má fi kan ẹnu yìí!

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé, kí àwọn olùkọ́ lè rí i sọ fún ọmọ ilé-ìwé. Bí omi bá di ẹrẹ̀, oòrùn kì í ràn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ewéko inú omi kì í sì í hù. Ẹrẹ̀ a bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, a sì dí ibi tí ẹja fi ń mí. Mákíúrì ní tirẹ̀ a wọ inú ẹrẹ̀, kòkòrò omi a jẹ ẹ́, ẹja kékeré a jẹ kòkòrò, ẹja ńlá a jẹ kékeré, ènìyàn a wá jẹ ẹja ńlá. Bí ó ti ń gòkè ni májèlé náà ń pọ̀ sí i. Báyìí ni ó ṣe rí ní Minamata nílẹ̀ Japan, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ àìsàn náà ní ọdún 1956 lára àwọn tí wọ́n ń jẹ ẹja etíkun wọn. Ní tilé wa, òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà pa ọmọdé tí ó lé ní 400 ní Zamfara ní ọdún 2010.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, odò tí a ń bọ, òrìṣà rẹ̀ yóò gbà á. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Ṣáínà. Nínú odò Yangtze ni dọ́lífìn kan wà tí wọ́n ń pè ní baiji, ẹran omi tí ó jọ ẹja, ṣùgbọ́n tí ó ń mí afẹ́fẹ́ bí ènìyàn, tí ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Àwọn ará etí odò náà bọ̀wọ̀ fún un bí òrìṣà odò. Síbẹ̀, àwọ̀n apẹja, ọkọ̀ ojú omi, ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ àti odi tí a mọ sójú omi pa á díẹ̀díẹ̀. Ní ìparí ọdún 2006, àwọn onímọ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá a nínú odò náà. Wọn kò rí ẹyọ kan. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra rẹ̀. Olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀ ní apá odò tirẹ̀ ni.

Dọ́lífìn kékeré mìíràn tí kò ní lẹbẹ lẹ́yìn ṣì wà nínú odò náà. Ní ọdún 2017, 1,012 ni iye tí wọ́n fojú bù. Láti ọdún 2021, ìjọba Ṣáínà fi òfin de ẹja pípa fún ọdún mẹ́wàá láti òkè Yangtze dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní ọdún 2022, wọ́n ti di 1,249. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: odò kan ṣoṣo ni odò, bí a bá dáàbò bo apá kan, tí a fi ìyókù sílẹ̀, a kò tíì dáàbò bo ohunkóhun.

Kí àwọn ará Òṣogbo má ṣe nàka sí òkè odò nìkan. Bí Ìjẹ̀ṣà ti jẹ́ òkè odò fún Òṣogbo, bẹ́ẹ̀ ni Òṣogbo jẹ́ òkè odò fún àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Inú ọ̀sà Lẹ́kí ni Ọ̀ṣun ń ṣàn sí, níbi tí mánátì ń gbé, ẹran omi ńlá tí ó ń jẹ koríko, tí òun náà ń fún ọmọ lọ́mú, tí ó sì ti ń ṣọ̀wọ́n ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó bá da ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sínú Ọ̀ṣun, òun náà ti di awa-wúrà sí ará Ẹ̀pẹ́.

Àwa kò sọ pé kí a ti gbogbo kòtò wúrà pa. Ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ yóò wá ohun tí yóò jẹ. Ṣùgbọ́n Òfin Ìwakùsà ti ọdún 2007 ti wà nílẹ̀. Kí ìjọba àpapọ̀, tí ó ni àṣẹ lórí ohun àlùmọ́nì, mú un ṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ etí odò. Kí omi tí a fi fọ wúrà kọ́kọ́ sinmi nínú kòtò tirẹ̀ títí ẹrẹ̀ yóò fi silẹ̀. Kí a fi òpin sí mákíúrì. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó agbègbè odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ti wà láti ọdún 1976. Kí ó máa yẹ omi náà wò láti Iléṣà dé Ẹ̀pẹ́, kí ó sì máa kéde ohun tí ó bá rí ní èdè tí aráàlú gbọ́. Kí àwọn ọba Ìjẹ̀ṣà fi èèwọ̀ de orí odò wọn gẹ́gẹ́ bí Àtáọ́ja ti ṣe ní ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí etí odò. Ẹ bu omi sínú ìgò, ẹ jẹ́ kí ó sinmi di ọjọ́ kejì, kí wọ́n fojú ara wọn rí iye ẹrẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí olóṣèlú yín bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe sí odò yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dáhùn kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Láròóyè tẹ́wọ́, ó gba ẹja. Kí a má jẹ́ kí ọmọ tiwa tẹ́wọ́ sí odò kan náà, kí ó gba ẹrẹ̀.