Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Wákà ni mò ń gbọ́

Orin tó ń dún nílé mi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ti Alhaja Bàtílì Àlàkẹ́ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó di olóògbé lọ́dún 2013. Kí ló dé tó fi jẹ́ tiwọn? Ohùn ni. Ìyá á dá orin, àwọn elégbè á gbè é, ìlù ò sì ní bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ketekete ló ń wọni létí.

Àwọn obìnrin Mùsùlùmí ló ni wákà. Níbi ìgbéyàwó, ayẹyẹ ọjọ́ìbí Ànábì àti ìpàdé ẹni tó ti Mẹ́kà dé ni wọ́n ti ń kọ ọ́, tàtẹ́wọ́ tàtẹ́wọ́. Bàtílì ló gbé e dé òde àríyá ńláńlá, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ ṣe àwo wákà. Sàláwà Àbẹ̀ní bọ́ sójú agbo lẹ́yìn wọn: ọdún 1976 ni àwo tiwọn àkọ́kọ́ jáde, lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed.

Tí ìyá yín àgbà bá ṣì rántí wákà tí wọ́n kọ níbi ìgbéyàwó wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó kọ́ wọn.