Ìdí Tí Oògùn Ibà Àtijọ́ Kò Fi Ran Ibà Mọ́

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀, apá Chloroquine tí àwọn òbí wa ń lò kò ká ibà mọ́. Oògùn náà kò bàjẹ́. Kòkòrò ibà ni ó yí padà. Oògùn pa àwọn aláìlágbára, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ tí ó lè lé e kúrò níbi tí ó ti ń ṣọṣẹ́ nínú wọn yè, wọ́n sì pọ̀ sí i. Nítorí náà ni ìjọba Nàìjíríà ṣe fi oògùn alápapọ̀ rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2005. Kòkòrò lè borí èyí pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn, kí a sì lò ó pé ọjọ́ 3, bí ara tilẹ̀ ti yá ṣáájú.