Oògùn Jẹ́ Àmánà: Bí Ọmọ Wa Ṣe Lè Múra fún Íntáfíù Iṣẹ́ Olùrànlọ́wọ́ Apòògùn



Ní Festac Town, Agboju, Satellite Town títí dé Kirikiri, ilé oògùn kì í jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹni. Bí ara ọmọ bá gbóná, ibẹ̀ ni à ń sáré lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí a ń bá lẹ́yìn káńtà kì í ṣe apòògùn fúnra rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni, ẹni tí ìjọba mọ̀ sí pharmacy technician. Òun ló ń wo ìwé tí dókítà kọ, òun ló ń ka hóró oògùn, òun náà ló ń kọ bí a ó ṣe lò ó sára àpò.

Àwọn ọmọ wa kan ti kọ́ iṣẹ́ yìí jáde, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí bí ẹ ó ṣe ràn wọ́n lọ́wọ́ kí ọjọ́ íntáfíù tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ọmọ nínú iṣẹ́ náà, ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ohun tí wọ́n ń bi àwọn ọmọ yìí ni ohun tó yẹ kí ẹ̀yin náà máa retí lọ́wọ́ ẹni tó ń fún yín ní oògùn.

Kí ni ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ ń wá?

Ọmọ mìíràn rò pé bí òun bá ti lè pe orúkọ oògùn 100 láìkọsẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin, olùrànlọ́wọ́ apòògùn kì í dá dúró. Abẹ́ àbójútó apòògùn ló ti ń ṣiṣẹ́. Àjọ tó ń forúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ ni Pharmacy Council of Nigeria. Òfin ọdún 1992 ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Pharmacists Council of Nigeria, òfin ọdún 2022 ló sì yí orúkọ náà padà. Bí olùrànlọ́wọ́ bá ṣe àṣìṣe, aláìsàn ni yóò kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀, apòògùn tó gbà á síṣẹ́ náà yóò sì dáhùn fún un.

Nítorí náà, ohun tí apòògùn ń dẹtí sí gan-an ni èyí: ǹjẹ́ ọmọ yìí mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí? Ṣé yóò mọ ìgbà tó yẹ kí ó sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pe apòògùn"? Ẹni tó bá ń fi gbólóhùn yìí dáhùn gbogbo ìbéèrè kò mọ iṣẹ́. Ẹni tí kò sọ ọ́ rárá léwu ju èkíní lọ. Kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ìmúrasílẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí àti òtítọ́

Kí ọmọ to ìwé rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣáájú: ìwé ẹ̀rí WAEC tàbí NECO, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tó lọ, ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ Pharmacy Council, àti ìwé àṣẹ ti ọdún tí a wà nínú rẹ̀. Kí ó ṣe ẹ̀dà wọn, kí ó sì mú ojúlówó dání.

Ládùúgbò wa, ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun ní ilé oògùn, "dókítà" ni wọ́n ń pè é. Kí ọmọ wa má ṣe gbé orúkọ yẹn wọ yàrá íntáfíù. Bí ó bá ti bá wọn ta ọjà ní kẹ́míìsì rí, kí ó sọ pé ọjà ni òun bá wọn tà. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Orúkọ tí òfin dì mọ́ ni orúkọ iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan. Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2011, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní pharmacy technician bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé General Pharmaceutical Council. Ẹni tó bá fi irọ́ wọlé sínú iṣẹ́ ìlera ti da àmánà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò tí kò gbọdọ̀ yẹ̀

Súrà kan wà nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, ìkẹtàlélọ́gọ́rin, tí Ọlọ́hun fi kìlọ̀ fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Tí wọ́n bá dín ìrẹsì kù fún wa lọ́jà, owó la pàdánù. Bí wọ́n bá dín oògùn kù, àìsàn kò ní lọ. Bí wọ́n bá fi lé e, ó lè pani. Ìdí nìyí tí ìṣirò kì í fi í wọ́n nínú íntáfíù yìí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ìwé àti bírò ṣe irú èyí nílé:

Dókítà kọ paracetamol olómi, mílígíráàmù 180, fún ọmọ kékeré. Ara ìgò sọ pé mílígíráàmù 120 ló wà nínú mílílítà 5. Mílílítà mélòó ni a ó fún un? Tí a bá fi 120 pín 180, ó di ọ̀kan àti ààbọ̀. Ọ̀kan àti ààbọ̀ lọ́nà 5 jẹ́ mílílítà 7.5. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kò tíì tán. Kí ni ìyá ọmọ yóò fi wọ̀n ọ́n? Kì í ṣe ṣíbí inú ilé ìdáná, nítorí wọn kò dọ́gba. Ṣíbí ìwọnwọ̀n tó bá oògùn wá tàbí sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni. Ọmọ tó bá rántí fi èyí kún ìdáhùn rẹ̀ ti fi hàn pé aláìsàn ló wà lọ́kàn òun.

Òmíràn: artemether-lumefantrine fún ibà, hóró ti 20/120, fún ọmọ tó wọn kílò 20. Hóró 2 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ 3: hóró 12 ni gbogbo rẹ̀. Àgbàlagbà tó wọn kílò 35 sókè yóò lo 4 lẹ́ẹ̀kan, ó di 24. Èkejì yóò tẹ̀lé èkíní lẹ́yìn wákàtí 8. Lẹ́yìn náà, àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ 2 tó kù, kí oúnjẹ sì wà nínú. Kí olùrànlọ́wọ́ sì tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n lò ó tán, bí ara bá tilẹ̀ fúyẹ́ ní ọjọ́ kejì.

Kí ó mọ àmì inú ìwé dókítà dáadáa: od jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, bd ẹ̀ẹ̀mejì, tds ẹ̀ẹ̀mẹta, nocte ní alẹ́. Kí ó sì ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra. Chlorpropamide wà fún ìtọ̀ ṣúgà. Chlorpromazine wà fún àìsàn ọpọlọ. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pe èkejì lè dá aláìsàn dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí nì, al-Biruni, kọ ìwé kan lórí oògùn tó fi ko orúkọ tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ ní oríṣiríṣi èdè jọ, kí ọ̀kan má bàa di èkejì. Bí ìwé dókítà kò bá ṣeé kà, a kì í méfò. Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń pe apòògùn.

Ìmọ́tótó àti ìtọ́jú oògùn

Wọn yóò wo ọwọ́ ọmọ kí wọ́n tó wo ìwé rẹ̀. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wa láti máa gé èékánná. Ọmọ Mùsùlùmí kò yẹ kí ó ti ibẹ̀ kùnà. Ṣùgbọ́n kí ó yé e pé àlùwàlá kò rọ́pò ọṣẹ. Kí a tó fọwọ́ kan iṣẹ́ oògùn, omi àti ọṣẹ ni a fi ń fọwọ́. A kì í fi ìka ka hóró; àwo ìkàoògùn àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ rẹ̀ ni a ń lò. Bí a bá ka oògùn kan tán, a ó nu àwo náà mọ́ kí a tó ka òmíràn. Ìdí rẹ̀ ni pé lẹ́búlẹ́bú penicillin tó ṣẹ́kù sínú àwo lè ṣe ìjàǹbá fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á.

Ìbéèrè nípa iná mànàmáná kò ṣeé sá fún lágbègbè wa: "Iná ti lọ láti àná, insulin sì wà nínú fíríìjì. Kí lo máa ṣe?" Dígírì 2 sí 8 ni insulin tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Kí ọmọ sọ pé òun yóò wo ohun tí a fi ń wọn òtútù inú fíríìjì, òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago, òun yóò gbé insulin sínú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ kí yìnyín kàn án, òun yóò sì sọ fún apòògùn. Òun kò ní dá pinnu pé ó ṣì dára tàbí pé ó ti bàjẹ́.

Nígbà tí ọjà bá dé, nọ́ńbà NAFDAC, batch number àti ọjọ́ tí oògùn yóò parí ni à ń wò tí a sì ń kọ sílẹ̀. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ parí la ó kó síwájú. Bí wọ́n bá béèrè ìdí tí batch number fi ṣe pàtàkì, kí ọmọ rántí ìṣẹ̀lẹ̀ My Pikin ní ìparí ọdún 2008. Oògùn eyín ọmọdé ni, májèlé diethylene glycol wà nínú rẹ̀, ó kéré tán ọmọ 84 ló sì kú. Nígbà tí ìjọba bá ní kí a kó irú oògùn bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀, ilé oògùn tó kọ batch number sílẹ̀ ló lè mọ èyí tó wà lórí pẹpẹ rẹ̀ kíákíá.

Ìbéèrè tó ń dán ìwà wò

"Ọ̀rẹ́ rẹ láti àdúgbò wá ra tramadol, kò ní ìwé dókítà. Ó ní o mọ òun." Ìdáhùn rẹ̀ kò pé méjì: kò sí ìwé, kò sí oògùn. Kí ọmọ mọ̀ pé tramadol ti 225 tí wọ́n ń tà fún àwọn ọ̀dọ́ kò ní ìyọ̀ǹda NAFDAC, àti pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine àti kíkó o wọlé. Ojú àánú lè mú kí iṣẹ́ yìí sọnù lọ́wọ́ ẹni.

"Aláàwẹ̀ mú ìwé wá nínú Rámàdánì, wọ́n ní kí ó lo oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Kí lo máa sọ?" Àṣìṣe méjì ló wà níbí. Èkíní ni kí ó ní kí ó da ìlò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nígbà ìṣínu. Èkejì ni kí òun fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí ó já ààwẹ̀. Òtítọ́ ni pé Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n kí a tó yí àkókò oògùn padà, apòògùn ni yóò gbọ́ ọ, òun ni yóò sì bá dókítà sọ̀rọ̀ bóyá oògùn mìíràn wà tí a lè lò láàárín ìṣínu àti sààrì. Kí ọmọ wa má ṣe rò pé nítorí òun jẹ́ Mùsùlùmí, òun lè dá èyí yanjú.

Bí wọ́n bá sì béèrè ohun tí kò mọ̀, kí ó dáhùn láìwárìrì pé: "Mi ò mọ èyí, mà. Màá bi apòògùn kí n tó fún ẹnikẹ́ni."

Ohun tí ẹ̀yin ará ilé lè ṣe

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé sórí tábìlì. Kí bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n máa béèrè: Kí ni èyí wà fún? Ìgbà wo ló parí? Níbo ló yẹ kí ó wà? Ọmọ yóò fi kọ́ bí a ṣe ń dáhùn lójú àgbà, ẹ̀yin náà yóò sì rí oògùn tó ti parí tó ń bá yín gbélé láti ọjọ́ pípẹ́.

Lọ́jọ́ náà, kí ó tètè jáde lẹ́yìn àsùbáà. Bí íntáfíù bá jẹ́ ní Lagos Island, ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń ná Mile 2 sí Marina láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ó sàn ju kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Orílé dá a dúró. Kí aṣọ rẹ̀ mọ́, kí híjáàbù rẹ̀ wà létòlétò débi tí kò fi ní wọ inú oògùn. Bí wọ́n bá bi í bóyá ó ní ìbéèrè, kí ó fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí àkókò ìrun Àyílà àti Àlàásárì bá tó, ta ni yóò máa dúró sídìí oògùn?" Ìbéèrè yìí dára, nítorí ó fi hàn pé ó rántí Ọlọ́hun, kò sì ní fi káńtà sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi kìkì owó oṣù kí ọmọ yín kú oríire. Ẹ rán an létí pé ọmọ onílé, ọmọ àlejò, ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé ni yóò máa gbé ohun tó bá fi lé wọn lọ́wọ́ mì láìbéèrè. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ tó lérè, kí Ó sì fún wọn ní ọwọ́ tó ṣeé fọkàn tán. Àmín.