Ẹsẹ̀ Tó Ń Ta Lóru: Kí Ló Ń Sọ fún Wa?

 

Ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ní Sábó ni mo mú wá, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òun àti ìyá rẹ̀. Orí àkàbà ló ti jábọ́ níbi tó ti ń kun ilé, ọrùn ló sì fi gúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò mọ ohun tó ń lọ ní ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, lóru ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ tí kò mira látìgbà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, orúnkún ń ta sókè. Ìyá rẹ̀ kígbe: "Ẹsẹ̀ ti jí o! Ọmọ mi máa rìn!" Àbúrò bàbá rẹ̀ ní rárá, àwọn ayé ló ń fà á. Ká sòótọ́, kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀. Bí ọ̀nà yẹn bá já, apá ìsàlẹ̀ kò kú o. Ó kàn dà bí ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ mọ́. Ohun kékeré tó bá kan ara, iṣan á le, á fà, á ta. Níbẹ̀rẹ̀, ara máa ń rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ni fífà yìí máa ń dé.

Àmọ́ bí ó bá ṣàdédé pọ̀ sí i, ìròyìn ni. Ara tí kò lè sọ pé "ó ń dùn mí" ló ń sọ̀rọ̀. Lóru ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ ọmọ wa kò sinmi, a ti ń wá obì. Bàbá tó ń dáfá fún wa ní, "Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò ná." Rọ́bà ìtọ̀ ló ká sábẹ́ itan! A tún un ṣe, ìtọ̀ dà, ẹsẹ̀ rọ̀. Ẹ máa wo ìtọ̀, ìgbẹ́, egbò ìdí, èékánná tó wọ ẹran, àti bàtà tó fún ẹsẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an, tí òógùn bo ojú rẹ̀, ẹ gbé e jókòó, ẹ wo rọ́bà, kẹ́ ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ èémí tún wà níbẹ̀. Iṣan ńlá tó wà láàárín àyà àti ikùn ló ń fa èémí, láti ọrùn sì ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Bí ọrùn bá fara pa lókè pátápátá, ẹ̀rọ ló máa ń bá èèyàn mí. Ọmọ wa ń dá mí, ṣùgbọ́n iṣan ìhà àti ti ikùn tí a fi ń wúkọ́ kò ṣiṣẹ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dúró sínú, òtútù àyà á wọlé, ìyẹn ló sì ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn físíò kọ́ wa bí a ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì ti abẹ́ ìhà rẹ̀ wọlé àti sókè bó ṣe ń wúkọ́. Ẹ má ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ yín. Irú wọn tún máa ń mí dáadáa ní ìdùbúlẹ̀ ju ìjókòó lọ. Bó bá máa jókòó, aṣọ fífẹ̀ ni wọ́n ní ká fi di ikùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun tún ti ń fún ọmọ òun lọ́jàá.

Ẹ̀yin oníṣègùn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Baclofen ni oògùn tí wọ́n sábà fi ń dẹ iṣan. Òun àti àgbo tí a fi ògógóró rẹ kò gbọ́dọ̀ pàdé: oorun á kun èèyàn, èémí á rẹlẹ̀. A kì í sì í dá a dúró lójijì, kí gìrì má baà dé. Ẹ má fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tí kò mọ ìgbóná. Á bó láìmọ̀.

Ìgbóbì kò jìnnà sí Sábó. Ní 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Lílọ síbẹ̀ kò ba ẹbọ jẹ́.

Ní oṣù Kejìlá 1997 ni ìjàǹbá ọkọ̀ ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn Yínká Ayéfẹ́lẹ́ léṣe, orí àga onítáyà ló sì ti ń kọrin fún wa. Àwa tí a mọ̀ pé ẹni òòṣà kì í ṣe ẹni ẹ̀tẹ́, ẹ jẹ́ ká tọ́jú tiwa. Kí Ọbàtálá má jẹ̀ẹ́ kí èémí wọn ó tán. Àṣẹ.